Ti Ọ̀rá fún Ọwọ́ Òsì

Oṣù mẹ́ta ni mo ní mo fẹ́ lò ní Máídúgùrì. Ilé báńkì ló gbé ọmọ mi ọkùnrin wá síbí, ìyàwó rẹ̀ bímọ, wọ́n ní kí n wá bá wọn wẹ ọmọ. Aṣọ tó tó oṣù mẹ́ta ni mo dì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkìrun máa bá mi ṣí fèrèsé yàrá mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ọmọ tí mo wá wẹ̀ yẹn ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ti ga jù mí lọ, mo ṣì wà níbí.

Ẹnikẹ́ni ò dè mí mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan ń parí ni, òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ta ni yóò gbé ọmọ? Ọmọ wọ ilé ìwé, ta ni yóò máa lọ mú un bọ̀? Ibi tí mo ti ń dáhùn ìyẹn ni ọdún ti lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé ni ojú kọ́kọ́ tì mí. Obìnrin ilé kejì yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ohùn sókè: "Ina kwana? Ina gajiya?" Iná ni èmi gbọ́. Mo gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo sáré wọ ilé ìdáná, mo da korobá omi kan lé sítóòfù tí a ò tíì tàn lórí. Obìnrin náà tẹ̀lé mi wọlé, ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ sábẹ́ àpótí. Ìyàwó ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Màmá, wọ́n ń kí yín ni o! Wọ́n ní ẹ sùn dáadáa bí? Wọ́n ní àárẹ̀ ńkọ́?"

"Àárẹ̀ wà ní orúnkún mi," mo ní. "Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Obìnrin yẹn ni Yagana. Kànúrí ni, ọmọ onílẹ̀. Òun ló kọ́ mi ní Haúsá, òun náà ló sì ń sọ ìtàn omi yẹn fún gbogbo àlejò rẹ̀ títí di òní.

Oòrùn ibí, mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Tó bá di oṣù kẹta ọdún, ẹ ò ní lè fẹ̀yìn ti ògiri yàrá yín. Ọyẹ́ wọn á sì la ètè bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ la á. Ohun tó dùn mí jù ìyẹn lọ ni pé kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Ní Ìkìrun, tí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní ọmọ lágbájá ló ń lọ yẹn, ìyàwó tàmẹ̀dù. Níbí, Bayarabiya ni mí, obìnrin Yorùbá. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe gbogbo wa.

Nígbà tí ọwọ́ mi dilẹ̀ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta banda, ẹja gbígbẹ tó ń ti adágún Ṣáàdì wá. Àdúgbò Shehuri ni mo ti ń rà á, mo ń gbé e lọ fún àwọn ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Wulari, àti àwọn àgùnbánirọ̀ tí ọbẹ̀ ilé ń wù. Ọkùnrin tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń kó ẹja àtijọ́ sí ìsàlẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kan mo ṣẹ́ ọ̀kan lẹ́yìn, mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo ní, "Wannan ya tsufa." Eléyìí ti gbó. Ó wò mí, ó pàtẹ́wọ́. "Iya, kin zama 'yar gari!" Ó ní mo ti di ọmọ ìlú. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn délé bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo gbọ́ tó ń pe ìkejì rẹ̀: "Wá dá Bayarabiya lóhùn."

Ẹ̀ẹ̀kan tí mo lọ sílé fún ìsìnkú, àwọn ọmọ adúgbò ń sá tẹ̀lé mi, wọ́n ń ní, "Ìyá Òkè Ọya! Ìyá Òkè Ọya!" Mo ti gbàgbé ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sí. Mo dúró sí ìta ilé bàbá mi, mò ń béèrè ọ̀nà omi.

Ìbọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún nílùú yìí lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn ará wa púpọ̀ kó lọ. Àwa ò lọ. Nígbà tí ó rọlẹ̀ díẹ̀, ilé báńkì gbé ọmọ mi lọ sí Yọ́là, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Èkó, ìyàwó tẹ̀lé e. Ọmọ wọn obìnrin, Àdùnní, èyí tí mo wá wẹ̀, kọ̀, kò lọ. Ó ti wọ yunifásítì níbí. Ó ní ọmọ Máídúgùrì lòun, kí lòun fẹ́ lọ ṣe ní Èkó? Bàbá rẹ̀ ní kò burú, "Màmá ṣáà wà níbẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń sọ pé odó wà lẹ́yìnkùlé ló ṣe sọ ọ́.

Báyìí ló ṣe ku èmi àti Àdùnní nínú ilé wa ní àdúgbò Ngomari. Haúsá ni ọmọ náà fi ń lá àlá. Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, á bọ́ síbí, á bọ́ sọ́hùn-ún. Kò mọ "ẹ" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà yàtọ̀ sí "o" tí inú bá ń bí i.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ló ń kọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọpọ́n ike ńlá mẹ́fà wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó da ọmọ ẹja àrọ̀ sínú wọn. Ó ní ọ̀gá òun ní yunifásítì gbà kí òun sìn wọ́n nílé. Iṣẹ́ yìí ni yóò fi gba oyè rẹ̀ kejì. Èmi ní kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ẹja tí mi ò mọ̀?

"Màmá, nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja, àwọn ọmọ ogun wà. Tí kòkòrò bá wọ ara rẹ̀, àwọn ló máa jẹ kòkòrò yẹn."

"Ta ló ń lọ pè wọ́n?"

Ó fò dìde. "Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn! Kitse ló ń pè wọ́n. Kí ni Yorùbá ń pe kitse?"

"Ọ̀rá ni. Ọ̀rá ẹran. Àbí ọ̀rá ìdí àgbò."

"Ọ̀rá," ó ní, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá là á yé mi, ó sì yé mi, nítorí pé ohun tó ṣeé fojú inú rí ni. Ó ní ọ̀rá ni awọ ara ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ìjà bá dé, yóò gé bíńtín nínú ọ̀rá awọ ara rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù: ẹ máa bọ̀ o. Ibẹ̀ á wú, á gbóná. Tí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á gé ọ̀rá mìíràn, òun ni yóò jíṣẹ́ fún wọn pé ó tó, ẹ kó òkú nílẹ̀, kí kálukú máa lọ. Ọ̀rá kejì yìí, inú òróró ẹja ló pọ̀ sí. Ẹja tí kò bá rí i jẹ tó, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kì í tètè gbọ́ pé ogun ti parí. Wọ́n á máa jà lọ, ara ẹja náà ni wọ́n á máa jẹ.

"Mo mọ irú wọn," mo ní. "Wọ́n ti kọjá níwájú ilé wa rí."

Ọpọ́n mẹ́ta ọwọ́ òsì, òróró ẹja ni yóò máa wà nínú oúnjẹ tiwọn. Mẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún ò ní rí i jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjìlá. Lẹ́yìn náà yóò fi abẹ́rẹ́ gún wọn ní òkú kòkòrò díẹ̀, yóò gba ẹ̀jẹ̀ wọn, yóò wo ọmọ ogun tó dé, àti èyí tó mọ ìgbà tí yóò lọ.

Mo rò pé eré ọmọ ilé ìwé ni, títí Yagana fi wá wò ó. Yagana náà gbẹ́ adágún ẹja sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Egbò bo àwọn ẹja rẹ̀ lára, wọ́n wú, ṣọ́bìrì ló fi kó wọn jáde. Ó dúró ti Àdùnní, ó ní, "Tó o bá rí òótọ́ rẹ̀, èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún. Oúnjẹ tó o bá ní ó dára ni màá rà."

Ní Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n mi ti dùbúlẹ̀. Àwa méjì ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè mí délẹ̀ tó bá sọ̀rọ̀ gùn. Ilé ọkọ ló ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, nítorí náà gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ọmọ rẹ̀ obìnrin á pè mí, á gbé fóònù sí i létí.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Tí iṣẹ́ ẹja ọmọ yìí bá parí, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìwé rẹ̀ jìnnà, tó bá lọ tán, èmi ló kù tó ń pààrọ̀ omi, tó ń lé ológbò."

"Ẹja. Ṣé ẹja ló fún ọ lọ́mú?"

"Ọ̀sẹ̀ méjìlá péré ni. Màá wá tọ́jú yín, ó dìgbà tí ara yín bá yá kí n tó padà."

"Ó dáa. Máa kà á fún mi."

A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Gbogbo Jímọ̀, kó tó kí mi, yóò ní, "Ó ku mélòó?" Èmi á ní ó ku mẹ́sàn-án. Ó ku mẹ́jọ. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti ní kí wọ́n gbé ibùsùn mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà tó ku mẹ́rin ni ibà dá Àdùnní wó. Ó gbóná débi pé kò mọ ibi tó wà. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n fa omi sí i lára. Tẹ́lẹ̀, kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan oúnjẹ ẹja yẹn, òun nìkan ló ń pò ó, òun ló ń fún wọn kó tó jáde àti tó bá dé. Èdè òyìnbó ló kọ sára ohun tó kó wọn sí, Yorùbá nìkan ni èmi sì lè kà, èyí tí wọ́n fi Bíbélì kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi fóònù pè mí láti orí ibùsùn ọsibítù.

"Màmá, oúnjẹ ẹja. Méjì ló wà nínú sítọ́ọ̀. Ti ọ̀rá, fún ọwọ́ òsì. Ìkejì, fún ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ o."

"Ti ọ̀rá fún ọwọ́ òsì. Mo ti gbọ́. Sùn."

Mo ṣí sítọ́ọ̀. Oúnjẹ kan wà nínú ike onídèérí, ìkejì wà nínú ọ̀rá ńlá kan tí wọ́n so lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Láti kékeré ni mo ti ń pe ohun tí wọ́n ń rọ omi tútù sí ní ọ̀rá, tí mò ń pe ohun tí wọ́n fi ń di iyọ̀ ní ọ̀rá. Mo gbé ti inú ọ̀rá, mo fún ọwọ́ òsì. Ọjọ́ márùn-ún, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mi ò tàsé ẹyọ kan. Inú mi tilẹ̀ ń dùn sí ara mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, Yagana gbé kunu wá fún mi mu. Ó rìn lọ sídìí àwọn ọpọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Iya, ta ló da òróró sínú omi yìí?"

Ọpọ́n ọwọ́ ọ̀tún ló ń wò. Òróró ń dán lójú omi rẹ̀ bí ojú ọbẹ̀. Mo wo ọwọ́ òsì. Ó mọ́ kedere. Mo lọ sí sítọ́ọ̀, mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá, ó gbẹ bí gaàrí. Mo ki ọwọ́ bọ inú ike, ó yọ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Àdùnní kì í pe ohun tí a fi ń di oúnjẹ ní ọ̀rá. Leda ló ń pè é, bí àwọn Haúsá ṣe ń pè é. Ọ̀rá kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé rẹ̀, ọ̀rá ìdí àgbò tí èmi kọ́ ọ.

Yagana ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí," mo ní. "Gbé kunu wá."

Ọmọ náà padà dé lọ́jọ́ kejì. Ó ti rù. Ó wo ẹja rẹ̀, wọ́n ń ta pọ́ún pọ́ún, ó gbá mi mọ́ra, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ì bá ṣe tí kì í bá ṣe èmi. Mo ti tún oúnjẹ wọn ṣe bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù ní Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta mo bi í, bí ẹni tí kò bi nǹkan kan. "Tí ẹja ọ̀tún bá jẹ oúnjẹ ẹja òsì fún ìgbà díẹ̀, ṣé ó já mọ́ nǹkan?"

"Ó já mọ́ nǹkan, Màmá. Ohun tó bá jẹ ló fi ń kọ́ awọ ara ọmọ ogun rẹ̀. Inú awọ ara yẹn náà ló sì ti ń gé iṣẹ́ tó máa rán. Ohun tó jẹ lánàá ló máa fi sọ̀rọ̀ lọ́la. Irọ́ ni màá kọ sílẹ̀, mi ò sì ní mọ̀."

"Yagana á wá lọ ra oúnjẹ lórí irọ́."

"Yagana àti ẹlòmíràn." Ó wá wò mí. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bèèrè?"

Mo sọ fún un. Mi ò jókòó, ìdúró ni mo sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣe àwàdà. Ó wá sáré lọ sí sítọ́ọ̀, ó padà, ó di orí mú.

"Ìwọ lo kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn! Ìwọ! Mo ní ọ̀rá! Ọ̀rá kọ́ lo pè é?"

"Ọ̀rá ni."

"Leda nìyẹn! Leda!"

"Ọ̀rá náà ni."

"Irú èdè wo wá nìyẹn?" ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Èdè mi ni. Òun nìkan ni mo gbé wá láti ilé tí kò gbó.

Ọ̀gá rẹ̀ ò bínú. Ó ní ẹni tó jẹ́wọ́ ti ran ìmọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ẹja tuntun ni kó kó wọlé, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjìlá mìíràn. Àdùnní ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé. Èmi á dá a ṣe." Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ló gbé korobá omi, tó sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ibà ò tíì kúrò lára rẹ̀. Mo ní kí Yagana bá wa ṣe é, ọmọ náà mirí. Ó ní ẹnu méjì ti da iṣẹ́ òun rú, òun ò fẹ́ ẹ̀kẹta. Bàbá rẹ̀ pè láti Èkó: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a parí ẹ̀." Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo jókòó tì í.

Jímọ̀ dé.

"Ó ku mélòó?"

"Méjìlá."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù. "Ó ku mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé kíkà ní Òkè Ọya máa ń padà sẹ́yìn ni?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé ọ̀rá fún ẹni tí kò lè mí délẹ̀? Mo ní kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù ni òun ti ń ní láti ọjọ́ tí mo ti ní oṣù mẹ́ta. Láti ìgbà náà kò bi mí mọ́. Ọmọ rẹ̀ á gbé fóònù sí i létí, á kí mi, á bèèrè oòrùn, á bèèrè Àdùnní, á ṣàdúrà fún wa. Èmi fúnra mi ni mò ń sọ ọ́: ó ku mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ku mẹ́fà. Á ní, "Ó dáa."

Ó ku márùn-ún nígbà tó kú. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọmọ rẹ̀ pè mí ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ó ní wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè, Mùsùlùmí ni, wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí n tó wá àpò mi rí, wọ́n ti sin ín. Mo mọ̀, nítorí pé mo gbọ́ ariwo nínú fóònù, mo sì gbọ́ nígbà tí ariwo náà lọ sílẹ̀.

"Wọ́n ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín," ọmọ náà ní. "Lánàá ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má sáré mọ́."

"Ohùn wo ló fi sọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Ṣé pẹ̀lú ìbínú ni, àbí ó rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ò lókun mọ́, mà. Wọ́n kàn sọ ọ́ ni."

Yagana wá kí mi, ó jókòó tì mí láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àkókò tó, mo dìde, mo lọ fún ẹja lóúnjẹ.

A parí rẹ̀. Àdùnní gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó gbé e lọ. Àwọn ẹja tó jẹ òróró, àwọn ọmọ ogun wọn tètè dé, wọ́n tètè lọ, wíwú náà sì rọlẹ̀. Tàwọn yòókù dúró, wọ́n ń jẹ ẹran ara ẹja tí wọ́n wá gbà là. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí òróró náà má pọ̀ jù ṣá, tó bá pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogun á máa lọ́ra láti jáde. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, a kọ ọ́ bó ṣe rí. Yagana ti da omi tuntun sínú adágún rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Àdùnní ní yunifásítì. Ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ní ṣé mo kábàámọ̀ pé mo jẹ́wọ́, màá ní rárá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Ọlọ́run á san án. Mo mọ ohun tí mo fi rà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń pè ní ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní ibùsùn kejì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ilé ìwé ti parí, kò sí ẹja nínú ọpọ́n, kò sí ohun tó dì mí mú. Mo sọ fún un pé mò ń bọ̀. Mi ò sáré.